Okùn tí ẹnikẹ́ni lè fà: ilé ìwòsàn méjì tó ń lo ìlànà Toyota

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Amẹ́ríkà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn méjì tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń fọ́nnu pé ìlànà Toyota, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti Japan, ni àwọn ń tẹ̀ lé, àmọ́ ohun tí ojú mi rí ní ọ̀kan kò jọ ti èkejì rárá.

Ilé ìwòsàn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí n kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ni Virginia Mason ní Seattle. Ní ọdún 2002, Dókítà Gary Kaplan tó jẹ́ olórí ibẹ̀ nígbà náà kó àwọn ọ̀gá yòókù lọ sí Japan láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀. Ní Toyota nígbà náà, okùn kan wà lókè ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí lè fà bí ó bá rí àléébù; ọ̀gá tó wà nítòsí yóò sáré wá, bí wọn kò bá sì tètè rí ojútùú, iṣẹ́ yóò dúró. Ọgbọ́n yìí ti wà kí wọ́n tó máa ṣe ọkọ̀, nítorí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni Sakichi Toyoda, bàbá ẹni tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀, ṣe, èyí tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú kan bá já. Virginia Mason gbé e wọ ilé ìwòsàn: òṣìṣẹ́ èyíkéyìí tó bá rí ohun tó lè pa aláìsàn lára láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró.

Ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, sítọ́ọ̀ wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí méjì kalẹ̀ fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe sírínjì tàbí ìbọ̀wọ́. Bí ti iwájú bá tán, a ó fa ti ẹ̀yìn síwájú, káàdì ara èyí tó ṣófo yóò sì lọ bá àwọn tó ń kó ọjà wá. (Ara súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ni Taiichi Ohno ti Toyota ti kọ́ èyí, nítorí náà ọjà wọn ló padà wálé.) Ọjà kò tún ń bàjẹ́ lórí pẹpẹ mọ́, a kò sì wá nǹkan tì.

Àmọ́ okùn yẹn, ìyẹn àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, ló yà mí lẹ́nu jù. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń wẹ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù wa rí i pé orúkọ ara àpò ẹ̀jẹ̀ kan kò dà bí èyí tí òun gbọ́ lẹ́nu aláìsàn, ó sì ní kí dókítà dúró. Dókítà bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àṣìṣe kankan. Orúkọ ọkọ àti orúkọ bàbá ló dàrú mọ́ ara wọn. Síbẹ̀, ọ̀gá wọ́ọ̀dù dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà lójú gbogbo wa, dókítà pàápàá sì tọrọ gáfárà lẹ́yìn náà. Èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ nílé, níbi tí a ti ń dìde dúró bí mẹ́tírọ̀n bá wọlé, kì bá tí gbà á gbọ́ bí kò bá ṣojú mi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó kéré jù ní wọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ní ilé ìwòsàn kejì, àpótí méjì náà wà, káàdì wà, ṣùgbọ́n kò sí okùn. Aago ni wọ́n gbé wá: wọ́n ń ka ìṣẹ́jú tí a fi ń di egbò, wọ́n sì dín nọ́ọ̀sì kù. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan kan kò dára ni wọ́n máa ń bi pé kí ló dé tí kò fi tètè ṣe é. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kó báńdéèjì pamọ́ sínú àpótí aṣọ wọn nítorí ìbẹ̀rù pé kò ní kárí, nígbà tí a bá sì rí báńdéèjì náà, ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá, owó tí àwọn ọ̀gá ní àwọn fẹ́ fi pamọ́ sì bá ibẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2004, aláìsàn kan kú ní Virginia Mason nítorí pé wọ́n fi oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn lára awọ gún un ní abẹ́rẹ́ dípò àwọ̀ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò iṣan ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ló kéde àṣìṣe náà fún gbogbo ayé. Ní tiwa ní ilé ìwòsàn kejì, àṣìṣe tí a ń kọ sínú ìwé ń dín kù lóṣooṣù, àwọn ọ̀gá sì gé kéèkì fún wa nítorí rẹ̀. A jẹ kéèkì náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé a ti dẹ́kun kíkọ ọ́ ni.