Ṣáàjì bitcoin fún owó kékeré: ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìjerò, Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Láti bí ọdún kan ni mo ti ń ra bitcoin £20 lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí mo ń yọ ọ́ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ara mi. Ìgbà 26 ni mo ti rà á. Mo fẹ́ tà á, kí n fi pààrọ̀ páànù ilé màámi. Lálẹ́ àná tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi tí màá ti tà á, wọ́lẹ́ẹ̀tì ní ṣáàjì jẹ́ 90,500 satoshi (ẹyọ kéékèèké tí wọ́n pín bitcoin sí). Gbogbo owó ọ̀hún kò ju 780,000 lọ! Ta ló ń kó owó mi?

Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, Toronto: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì fi ránṣẹ́ o. Kò sẹ́ni tó jà ọ́ lólè, ẹrù rẹ ló pọ̀. Ṣé o rántí bí a ṣe ń wọkọ̀ lọ sí Adó? Dírẹ́bà kì í bi ọ́ bóyá aṣọ òkè ló wà nínú àpò tàbí gàrí. Àyè tó máa gbà nínú bùùtù ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bitcoin. Iye byte (ìwọ̀n àyè tí ìfiránṣẹ́ ń gbà) ni àwọn miner, àwọn tó ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ bitcoin, ń gbowó lé lórí, iye owó kò kàn wọ́n. Ẹni tó ń fi mílíọ̀nù dọ́là tó wà lójú kan ránṣẹ́ lè san owó tó kéré sí tìrẹ gan-an.

Ìgbà 26 tí o yọ ọ́ yẹn kò parapọ̀ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n wà, bí láílọ́ọ̀nù 26 tí o kó wá sí gáréèjì. Bí àdírẹ́sì rẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bc1q, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 68 byte. Ti àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 ń gba 148. Ká ní 68 ni, tí a bá fi àyè díẹ̀ tí ìyókù ìfiránṣẹ́ náà ń gbà kún un, gbogbo rẹ̀ á tó bí 1,810. Bí wọ́n bá ń gba satoshi 50 lórí byte kan, 90,500 rẹ náà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Houston: Kí ló dé tí wọn ò ra ọkọ̀ tó tóbi? Ní December 2017, mo rí ṣáàjì tó ju 50 dọ́là lọ. Mi ò gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, Toronto: Ìjà tó tú ilé ká nìyẹn, mà. Búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ojú ìwé kan nínú àkọsílẹ̀ bitcoin, ni ọkọ̀ wa. Ìṣẹ́jú 10 tàbí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ń gbéra, gbogbo ayé ló sì ń du àyè inú rẹ̀. Bí ìfiránṣẹ́ 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni agbára rẹ̀ mọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù ní tó bá tóbi jù, kọ̀ǹpútà ilé ẹni kò ní gbé e mọ́, á wá ku àwọn olówó nìkan tí yóò máa ṣọ́ àkọsílẹ̀ náà. Ní 1 August 2017, àwọn tó fẹ́ búlọ́ọ̀kù ńlá yà lọ dá owó tiwọn, Bitcoin Cash, sílẹ̀. Oṣù yẹn náà ni àtúnṣe bitcoin tí wọ́n ń pè ní SegWit bẹ̀rẹ̀, ó sì dín ìnira kù díẹ̀. Ti àwọn tó kọ̀ ni mo ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orí ẹni bí àbúrò wa yìí ni ẹrù rẹ̀ ń já lé.

Ọmọ Adó, Dublin: Lightning ńkọ́, ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi bitcoin ránṣẹ́ láìwọ búlọ́ọ̀kù nígbà gbogbo?

Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, Toronto: Ó dára fún owó kéékèèké. Ṣùgbọ́n kí o tó ṣí channel (ojú ọ̀nà tìrẹ lórí Lightning) láti wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ, ṣáàjì yìí kan náà ni wàá kọ́kọ́ san. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn yọ owó gba orí Lightning ni kó ti máa rà á lọ́jọ́ iwájú. Bí kò bá rí i, kó jẹ́ kó tó £200 kó tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má sì fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn pẹ́.

Àbúrò, dúró di òwúrọ̀ Sunday. Ọ̀nà sábà máa ń dá nígbà náà. Máa wo ìkànnì mempool.space, ó ń fi iye ṣáàjì hàn.

Ìyá Ìbejì, Houston: Kí o sì tà á ní Leeds níbẹ̀, kó o fi owó lásán ránṣẹ́ sílé. Má jẹ́ kí màmá àgbà máa bá àjèjì dúnàá-dúrà lórí fóònù.

Ọmọ Ìjerò, Leeds: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Láàárọ̀ Sunday ó já sí 2 lórí byte, mo san 3,620 péré. Màámi ti pe káfíńtà. Ó ku ẹyọ kan nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi kejì, 500 satoshi. Kí n yọ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé, Toronto: Fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń gba 10 lórí byte, 680 ni ẹyọ yẹn nìkan máa fi wọkọ̀.