Ọ̀rọ̀ fóònù ọmọ mi: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo figbe ta síbí pé mo ká fídíò oníhòòhò mọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, lọ́wọ́. Ẹ ní kí n yí DNS (ohun tó ń bá fóònù wá àdírẹ́sì ojú ìwé tó fẹ́ ṣí) lórí ráútà ilé, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, sí 1.1.1.3, èyí tí ilé-iṣẹ́ Cloudflare ṣe fún ìdílé láti dí ojú ìwé oníhòòhò. Mo ṣe é, mo sì ti ń fọ́nnu.

Ọjọ́ kárùn-ún ni mo rí i pé ó ti pa Wi-Fi, hotspot ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lò. Ọmọ ìsinsìnyí! Ráútà ilé kò kúkú lágbára lórí dátà ẹlòmíì. Inú fóònù náà gan-an ni mo wá wọ̀: Settings, Private DNS, mo tẹ family.cloudflare-dns.com sí i. Ì báà jẹ́ Wi-Fi, ì báà jẹ́ dátà, ìdíwọ́ náà ń bá fóònù lọ. Mo dán an wò níwájú ìyá rẹ̀, ojú ìwé oníhòòhò kọ̀, kò ṣí. Àmọ́ ọmọ tó bá mọ ibẹ̀ lè pa á, nítorí náà, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, pálọ̀ ni fóònù ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

DNS yìí kò dí ohun tó ń gba WhatsApp wọlé o, ibẹ̀ sì ni fídíò àkọ́kọ́ gbà, nínú gúrúùpù àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó fajú ro fún ọjọ́ méjì, ó sì tún jẹun.

Ẹni tó ní kí n fọ́ fóònù mọ́lẹ̀, ẹ ṣeun, owó mi ni mo fi rà á. Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ jẹ́ ká pa á dé.