Títẹ ojúàmì tiwa sínú GPS ọkọ̀ òfurufú

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Máàpù mi kọ látítíúdù ojúàmì (ibi kan tí a fẹ́ fò gbà) ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n Garmin GNS 430, ẹ̀rọ GPS inú ọkọ̀ mi, ń béèrè ìṣẹ́jú àti ìdá rẹ̀. Ṣé kí n tẹ àáyá 30 bíi .30 ni?

Èsì: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Àáyá 30 jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú, nítorí náà .50 ni ẹ ó tẹ̀; bí ẹ bá tẹ .30, ojúàmì náà yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún máìlì òkun yẹ̀, ẹ kò sì ní rí i nínú ìkùukùu.

Èsì: Òótọ́ ni. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, kò tilẹ̀ gbà kí a fọwọ́ tẹ ojúàmì fún ìlànà ìsúnmọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú láti balẹ̀. Inú àkójọ ojúàmì tó wà nínú GPS, tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lẹ́yìn ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan, ni ẹ ti máa pè é.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti tẹ .50, jíjìnnà rẹ̀ sí VOR (ilé rédíò tó ń tọ́ awakọ̀ òfurufú sọ́nà) sì bá máàpù mu.