"Bá mi ṣe kinní yẹn": kí lẹ máa ń dá ọ̀gá lóhùn?

Akọ̀wé Alágbàká: Ẹ kúulé o. Lánàá, a ti fẹ́ palẹ̀ mọ́, ni ọ̀gá mi yọrí wọlé: "Bá mi tún kinní yẹn ṣe, kó ti wà ní sẹpẹ́ láàárọ̀." Kí n tó béèrè pé kinní wo, ó ti wọ mọ́tò. Fáìlì mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta relé, mo tún wọn ṣe di òru. Àfi láàárọ̀ yìí tó ní fáànù ọ́fíìsì òun lòun ń sọ. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì: Fáànù kẹ̀!

Ọmọ Ẹkímọ̀gún: Tèmi jùyẹn lọ. Nígbà tí mò ń wakọ̀ fún iléeṣẹ́ kan, ọ̀gá wa l'Ékòó ní, "Gbé páálí wọ̀nyí lọ fún wọn ní Oǹdó." Mo gba Ọ̀rẹ̀, mo dé Oǹdó, mò ń pe nọ́ńbà tó fún mi, kò lọ. Inú ọkọ̀ ni mo sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n pè láti Àkúrẹ́ pé àwọn ti ń retí mi láti àná.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Ìwọ lo jẹ̀bi. Láti 1976 ni Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ta ni kò mọ̀?

Ọmọ Ẹkímọ̀gún: Ẹ̀gbọ́n, orúkọ wa ni gbogbo ìpínlẹ̀ ń jẹ́. Ẹni tó bá pe Oǹdó, Oǹdó ló pè.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Ẹ máa mú orúkọ. Ọ̀dọ̀ wa ni gómìnà ń sùn.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àfi kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́nu fún yín.

Akọ̀wé Alágbàká: Ó dénú mi náà, bàbá. Ó di odidi fáìlì mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín kú. Èmi ò kì í bi ọ̀gá mi pé "kinní wo?", á ní mo ń yájú. Nǹkan méjì ni mo máa ń kó síwájú rẹ̀: "Mo ti gbọ́ mà. Ṣé ìwé owó oṣù ni kí n kọ́kọ́ parí, àbí ti àwọn agbaṣẹ́ṣe? Ọ̀kan á ti délẹ̀ kí ago méjìlá tó lù." Bí kì í bá ṣe ìkankan nínú méjèèjì, ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mo máa kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, nítorí ọ̀la.

Tísà Ìjàpọ̀: Àtàǹpàkò ni tèmi fi ń dáhùn WhatsApp.

Ìyá Ìbejì: Ṣé "bẹ́ẹ̀ ni" ni àbí "mo ti rí i"?

Tísà Ìjàpọ̀: Ọdún kẹrin rèé, mi ò tíì mọ̀.

Kò-gbà-gbọ́: Akọ̀wé, irọ́ wà níbẹ̀. Kí ló kan akọ̀wé kan fáànù?

Akọ̀wé Alágbàká: Èmi ni mo bá a pe oníná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣe é tán, ló bá tún ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.

Kò-gbà-gbọ́: Ṣé ẹ rí i? Ó yẹ kó o mọ̀ nígbà yẹn.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Ẹkímọ̀gún, ta ló wá ra epo láti Oǹdó dé Àkúrẹ́?

Ọmọ Ẹkímọ̀gún: Inú owó oṣù mi ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Háà. Ìyẹn ò bójú mu o.