Kumquat: "ọsàn wúrà" kọ́ o, "ọsàn àjẹtèèpo" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tá à ń wá fún kumquat, èso kékeré tó jọ ọsàn yẹn, ni mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe kumquat ní "ọsàn wúrà" torí pé ohun tí gam gwat, tí orúkọ kumquat ti wá, túmọ̀ sí lédè Cantonese ti ilẹ̀ Ṣáínà nìyẹn, ẹ má bínú, mi ò gbà. Wúrà yẹn ò sọ nǹkan kan fẹ́ni tó fẹ́ fi sẹ́nu. "Ọsàn wẹ́wẹ́" tẹ́nì kejì mú wá ńkọ́? Ẹ lọ bèèrè ẹ̀ ní Òyìngbò, láìmù ni wọ́n máa dì fún yín.

Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé. Mo ní ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo gé lórí, mo lu ihò sídìí ẹ̀ kómi má baà dúró, bákónì wa ní Surúlérè ló wà níbi tóòrùn ti ń pa á dáadáa (kóró kọ́ ni mo gbìn o, wọ́n ti lẹ ẹ̀ka ẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọsàn mìíràn kí n tó rà á, gbòǹgbò tiẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára), nígbà tó wá so mo ká mẹ́ta fún ìyá tá a jọ ń gbélé. Nǹkan tí ò ju orí àtàńpàkò lọ, ìyá fọ̀bẹ bó o! Wọ́n ju èèpo nù, wọ́n fa inú ẹ̀ mu, ojú wọn fún pọ̀, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni. Èmi ni mo jẹ̀bi, ọsàn ni mo pè é, ọsàn dẹ̀ rèé, mímu là ń mu ún. Èèpo tí wọ́n jù nù yẹn gan-an ló dùn, inú ló kan, àjẹpọ̀ ni.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní "àjẹtèèpo", ohun tá à ń jẹ tèèpo-tèèpo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí à yẹn, bíi ti àjẹkù àti àjẹsára, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní "ajẹ" bíi apẹja, èèyàn tó ń jẹ èèpo lẹ kọ yẹn.

Ẹni tó ní kì í tiẹ̀ ṣe ọsàn rárá, òótọ́ ni pé Swingle, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, yọ ọ́ sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọsàn lọ́dún 1915, ó pè é ní Fortunella, àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ ewéko ti dá a padà sáàárín àwọn ọsàn báyìí, Citrus japonica ni wọ́n ń pè é.

Ìyá ò fọwọ́ kan tútù ẹ̀ mọ́ o, àfi ìgbà tí mo gé e wẹ́wẹ́ tí mo fi ṣúgà sè é bíi jáàmù. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ̀ ń pe àgbálùmọ̀ lọ́sàn, ṣé "òroǹbó àjẹtèèpo" lẹ máa wá pe tiyín ni?