Wọ́n ní ẹ̀dínwó 25%, kí ló dé tí bíìlì kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Oníbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀dínwó 25% ni ilé-iṣẹ́ fóònù kan kọ sínú ìpolówó. Bíìlì dé, 15% péré ló kúrò nínú àròpọ̀ owó. Wọ́n tún ní ọ̀fẹ́ ni fóònù tó bá a wá, síbẹ̀ mo ń rí owó rẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n kọ "7 nínú 36" sí i. Ṣé àṣìṣe ni, àbí wọ́n ń rẹ́ wa jẹ? Kí ni kí n sọ bí mo bá pè wọ́n?

Aṣírò:
Ó jọ pé kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ wo ohun tí wọ́n yọ ẹ̀dínwó náà lára. Owó ìpè àti dátà nìkan ni wọ́n sábà máa ń dín. Wọn kì í fọwọ́ kan owó fóònù, owó adójútòfò àti owó orí. Ẹ jẹ́ ká pín bíìlì sí ọ̀nà 100. Bí 60 bá jẹ́ ti ìpè àti dátà, tí 30 jẹ́ ti fóònù, tí 10 tó kù jẹ́ ti adójútòfò àti owó orí, 25% nínú 60 jẹ́ 15. Bí bíìlì yín bá rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni 15% ti wá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gàdàgbà ni wọ́n kọ 25%, lẹ́tà tín-ín-tín ni wọ́n fi kọ ìyókù.

Ní ti fóònù, ìlà méjì ló yẹ kẹ́ ẹ wá. Àkọ́kọ́ ni "7 nínú 36" yẹn, ìyẹn owó oṣù keje nínú oṣù 36 tí wọ́n pín owó fóònù sí. Èkejì máa ń jìnnà sí i, nígbà mìíràn ó máa ń wà lójú ewé kejì: iye kan náà ni, àmọ́ àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀. Ìkejì ló ń pa ìkíní rẹ́. Ó lè tó bíìlì kan tàbí méjì kó tó jáde. Bó bá di ìkẹta tí kò sí, ẹ pè wọ́n.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí ẹ bá kúrò lẹ́yìn oṣù 20, ìyọkúrò dúró nìyẹn, ìdá 16 nínú 36 owó fóònù á sì di gbèsè ojú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, kódà bí ẹ bá san owó fóònù tán ṣáájú àsìkò, ìyọkúrò tó kù ti bọ́ nìyẹn.

Ojú-lalákàn:
Òótọ́ ni Aṣírò sọ. Ẹ tún yẹ káàdì tí ẹ fi ń sanwó wò. Ẹ̀dínwó kan wà fún ẹni tó bá gbà kí wọ́n máa yọ owó fúnra wọn, àmọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í fún ẹni tó lo káàdì àwìn, àfi àkáǹtì bánkì. Bí ọjọ́ káàdì bá kọjá tí owó kò wọlé, ẹ̀dínwó oṣù náà lọ nìyẹn. Ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹ̀rí tuntun látìgbàdégbà.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí ìlà kejì. Ṣé kí n kúkú bọ́ sí ètò tí kò wọ́n tó èyí?

Sùúrù:
Ẹ má tíì yí i. Ètò tuntun lè pa ẹ̀dínwó ìpolówó àtijọ́, wọn kì í sì í sábà dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ wo iye dátà tí ẹ lò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: "Ọjọ́ wo ni ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan máa parí? Èwo ló máa bọ́ bí mo bá yí ètò? Èló ni bíìlì tó ń bọ̀, pẹ̀lú owó orí?" Orí ṣáàtì ni kẹ́ ẹ ti bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì fi èsì wọn pamọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí.

Bó bá sì di pé ẹ ń lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ má ṣe ní kí wọ́n pa nọ́ńbà yín. Ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì àti PIN ìkólọ (nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà fóònù lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn) lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ kó wọn fún ilé-iṣẹ́ tuntun. Bí nọ́ńbà bá ti kọjá sọ́hùn-ún, àkáǹtì àtijọ́ sábà máa ń ti ara rẹ̀ pa. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ti àkáǹtì náà pa, nọ́ńbà lè sọ nù.