Iná tí wọ́n gbé ga jù

Ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ kú ilé o. Ẹ ní kí kálukú sọ ibi tó lọ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Tèmi rèé.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Cape Town. Nígbà tí mo lọ kí i, mo gbé gààrí Ìjẹ̀bú lọ fún un. Kò jẹ́ kí n tíì sinmi dáadáa tó fi mú mi lọ sí Cape Point. Ilẹ̀ ibẹ̀ yọ ṣóńṣó wọ inú òkun, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, omi ń bú ramúramù nísàlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń gba orí irin gbé èèyàn gòkè, Flying Dutchman ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n mo ní ẹsẹ̀ ni màá fi gùn ún. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré! Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di gèlè mú. Àbúrò mi ti kìlọ̀ kí n má mú oúnjẹ dání, torí àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ a máa já a gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Lókè téńté ni ilé iná atọ́nà ọkọ̀ òkun àtijọ́ kan wà. Funfun ni, irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì ga tó bí mo ṣe rò. Ọdún 1860 ni wọ́n kọ́kọ́ tan án. Láti ojú omi dé ibi tí iná yẹn wà ju 200 mítà lọ. Èmi ń yìn wọ́n lọ́kàn mi pé wọ́n ṣe é dáadáa, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí kùrukùru bá bo orí àpáta, iná náà a há sínú rẹ̀, ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ò ní rí nǹkan kan. Bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń yí ṣóńṣó náà ká a tètè rí i jù, wọ́n a sún mọ́ àpáta ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1911, ọkọ̀ àwọn Potogí kan tó ń jẹ́ Lusitania, kì í ṣe èyí tí àwọn Jámánì rì ní 1915 o, forí sọ àpáta Bellows Rock nítòsí ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ òmíràn sísàlẹ̀, 87 mítà péré sí ojú omi. Ọdún 1919 ló parí.

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Ìyá ìyá mi ni mo rántí.

Mákùn-Omi ni wọ́n ń gbé. Òru ni bàbá àgbà máa ń lọ pẹja, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, màmá á tan làńtà, wọ́n á fi kọ́ òpó èbúté, nísàlẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo gbé làńtà gun igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, mo fi kọ́ ẹ̀ka tó ga jù tọ́wọ́ mi tó. Màmá jáde, wọ́n ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Wọ́n ní, "Ojú omi ni bàbá ẹ ń wò bọ̀, kò wo ojú ọ̀run."

Màmá ò mọ̀wé. Bí wọ́n bá wà láyé ni, orí àpáta yẹn gan-an ni ǹ bá ti pè wọ́n lórí fóònù. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, òun náà dákẹ́. Làńtà kan náà ló tàn fún àwa méjèèjì.

Ọmọ Rẹ́mọ: Àǹtí, ẹ kú ìrántí màmá. Ṣágámù ni mo wà. Accra ni mo ti rí ilé iná tèmi, ní Jamestown, láàárín àdúgbò àwọn apẹja. Wọ́n fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn ún ní ìlà-ìlà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó sì ń lọ́ yípo. Ìyàwó mi lóyún nígbà náà, ìsàlẹ̀ ló dúró sí. Mo dé òkè, mo rí ọkọ̀ àwọn apẹja lọ bẹẹrẹ, mo rí òun náà tó ń juwọ́ sí mi. Ọmọ inú ọjọ́ yẹn ti wọ ilé ìwé báyìí.

Ará Etí Omi: Òótọ́ ni màmá yín sọ. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, wọ́n ri iná sólà sí èbúté, ó ga fíofío lórí òpó. Ó dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọlọ́kọ̀ wa ṣì ń so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìdí òpó náà lálaalẹ́.